Irúgbìn wo ló lè kojú àrùn ìyẹ̀fun ojú ewé? Kùkúńbà, elégédé, ẹ̀gúsí àti kájú

Alákùrọ̀ Ọ̀yun

Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ẹ̀bá odò Ọ̀yun ni mo ti ń dáko. Àkùrọ̀ ni, ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni mo ń lò ó: kùkúńbà, elégédé, ilá díẹ̀. Ohun kan náà ló ń kó mi láyà sókè lọ́dọọdún. Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí òru tutù tí ọ̀sán sì gbẹ, àmì funfun róbótó á yọ lára àwọn ewé ìsàlẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti gba orí ewé tán. Ìgbà tí èso ń so gan-an ló sì máa ń dé. Ewé á gbẹ, oòrùn á máa jó kùkúńbà lára, èso á wọ́, elégédé á so, ṣùgbọ́n kò ní í dùn.

Imí ọjọ́ ni mò ń fín sí i. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ owó rẹ̀ àti owó ẹni tó ń gbé pọ́ǹpù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èrè tí mo ń rí ní Ìpàta. Ẹnì kan tó ń ta irúgbìn wá sọ fún mi pé òun ní èyí tí àrùn yìí kò lè mú, pé inú hóró rẹ̀ ni ààbò náà wà. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ni hóró lásán ṣe ń gbógun ti àrùn? Bó bá sì jẹ́ òótọ́, ṣé mo lè tọ́jú hóró láti inú èyí tí mo bá kórè, kí n má baà máa rà á lọ́dọọdún?

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Òmù-Àrán

Àbúrò mi, o kú làálàá. Kí á tó dé orí irúgbìn, jẹ́ kó dá wa lójú pé àrùn ìyẹ̀fun ni. Fi ìka ra ojú ewé náà. Bí funfun yẹn bá bọ́ tó sì lẹ̀ mọ́ ọ níka, òun ni. Bí kò bá bọ́, tó kàn ń tẹ̀lé iṣan ewé, pàápàá lára elégédé, àwọ̀ ewé náà ni. Àwọn elégédé kan wà tí wọ́n bí àmì funfun bẹ́ẹ̀ mọ́, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Mo mọ àwọn tó ti náwó oògùn sórí ewé tó le koko.

Ìkẹta tún wà, òun ló sì máa ń da àwọn èèyàn láàmú jù. Ojú ewé á ní àbàwọ́n rúsúrúsú tó ní igun, tí iṣan ewé pààlà sí. Yí ewé náà padà láàárọ̀ kùtù, wà á rí ohun tó dúdú ràkọ̀ràkọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àrùn ìyẹ̀fun rárá. Downy mildew ni wọ́n ń pè é, tiwa yìí sì ni powdery mildew. Orúkọ wọn jọra, ìwà wọn kò jọra. Ìrì àti òjò ni downy ń fẹ́, imí ọjọ́ kì í ràn án, irúgbìn tó bá sì kojú ọ̀kan lè má kojú èkejì. Ata àti tòmátì náà ní àrùn ìyẹ̀fun tiwọn, àmọ́ abẹ́ ewé ló máa ń fara pamọ́ sí.

Ọmọ Gànmọ̀

Ìyá ti sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: àrùn yìí kò nílò omi lójú ewé kó tó hù. Òjò ńlá tilẹ̀ máa ń fọ̀ ọ́ dànù ni, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn ló ń bá yín fà á. Ẹ má gbìn ín há ara wọn, ẹ sì dín ajílẹ̀ yúríà kù, torí ewé tó rọ̀ tó tutù yọ̀yọ̀ ló ń wá. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ló ń gbé e kiri. Bí ẹ tiẹ̀ ro oko yín títí tó mọ́, yóò wá láti oko ẹlòmíràn. Ibẹ̀ ni irúgbìn ti wúlò.

Tíṣà Báyọ́lọ́jì, Ọ̀fà

Ẹ jẹ́ kí n gba ìbéèrè kejì yẹn, torí ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi gan-an ni.

Fọ́ńgọ́ọ̀sì ló ń fa àrùn yìí, irú èyí tí kò lè gbé lára òkú ewé. Ewé ààyè nìkan ló ń jẹ. Ìyẹ̀fun tí ẹ ń rí yẹn ni irúgbìn rẹ̀. Bí hóró kan nínú rẹ̀ bá bà sójú ewé, láàárín wákàtí díẹ̀ ó ti hù, ó ti gún awọ ewé, ó sì ti ki ẹnu bọ inú sẹ́ẹ̀lì kan tí yóò ti máa fa ṣúgà. Sẹ́ẹ̀lì náà kì í kú. Gbogbo funfun tó kù, ìta ewé ló wà, ìwọ̀nba ẹnu yẹn ló wọlé.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni ewéko fi ń kojú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé kó ní jíìnì (àṣẹ inú sẹ́ẹ̀lì tí ọmọ ń jogún lára òbí) tó ń dá fọ́ńgọ́ọ̀sì náà mọ̀. Bó bá ti dá a mọ̀, sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gún yẹn á pa ara rẹ̀. Ẹlẹ́nu á sì kú pẹ̀lú rẹ̀, torí kò rí ààyè ohun jẹ mọ́. Ewé irú bẹ́ẹ̀ máa ń mọ́ tónítóní. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ̀yà kan tàbí méjì ló mọ̀. Bí ẹ̀yà mìíràn bá yọjú, kò ní í dá a mọ̀ rárá.

Ọ̀nà kejì ló yà mí lẹ́nu jù. Jíìnì kan wà tí wọ́n ń pè ní MLO. Ara ewéko fúnra rẹ̀ ló wà, ṣùgbọ́n fọ́ńgọ́ọ̀sì gbára lé e kó tó lè wọlé. Níbi tí jíìnì yẹn bá ti bàjẹ́, ewéko á mú ògiri sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ nípọn lójú ibi tí wọ́n ti fẹ́ gún un, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ á parí sí. Ara ọkà báálì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Lọ́dún 1942, àwọn onímọ̀ ní Jámánì tan X-ray sí hóró báálì, wọ́n sì rí èyí tí àrùn kò mú mọ́. Bẹ́ẹ̀, àwọn àgbẹ̀ orí òkè ní Etiópíà ti ń gbin báálì tó ní irú ààbò kan náà láìsí X-ray kankan. Inú hóró tí àwọn ará Jámánì kó lọ́dọ̀ wọn ní 1937 sí 1938 ni wọ́n ti rí i nígbà tó yá. Láti 1979 ni àwọn àgbẹ̀ Yúróòpù ti ń gbìn ín, àrùn náà kò sì tíì borí rẹ̀. Irú jíìnì kan náà tó bàjẹ́ ló wà nínú grín píìsì tí kì í mú àrùn yìí, ó wà nínú tòmátì kan tí wọ́n rí ní Ẹ̀kúádọ̀, kùkúńbà náà ní tirẹ̀.

Ó ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni o. Báálì bẹ́ẹ̀ máa ń ní àmì pupa kéékèèké lójú ewé láìsí àrùn, èso àwọn ti àkọ́kọ́ sì dínkù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń pa á pọ̀ mọ́ báálì mìíràn kí ìyẹn tó lọ sílẹ̀.

Irú kẹta wà, kò gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀: jíìnì kéékèèké púpọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fa àrùn sẹ́yìn díẹ̀. Ewé á ní funfun, ṣùgbọ́n kò ní í tètè tàn. Èmi ò fojú kéré irú ìyẹn, torí ó ṣòro fún fọ́ńgọ́ọ̀sì láti borí jíìnì mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà.

Alákùrọ̀ Ọ̀yun

Tíṣà, ẹ ṣeun gan-an, ọ̀rọ̀ yẹn yé mi. Ìyá, mo ti fi ìka ra á, ó bọ́. Kí ni kí n wá máa wò lára agolo nígbà tí mo bá débi tí wọ́n ti ń tà á?

Alágolo Irúgbìn, Ìlọrin

Irúgbìn ni mò ń tà, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó ka ohun tí mo kọ.

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, títí kan èmi. Ẹ yí agolo náà padà. Lẹ́tà HR túmọ̀ sí pé ó ń kojú àrùn náà gidigidi. IR ni pé àrùn á hàn lára rẹ̀, àmọ́ kò ní í yára, kò sì ní í pa á bó ṣe ń pa èyí tí kò ní ààbò. Lẹ́yìn HR tàbí IR ni ẹ ó rí àmì àrùn. Px ni ẹ ń wá lórí kùkúńbà, elégédé àti mélónì, òun ló wọ́pọ̀ jù nínú àrùn ìyẹ̀fun wọn. Gc ni èkejì rẹ̀. Lt jẹ́ ti ata àti tòmátì. Bí ẹ bá rí Pcu nìkan, downy tí Ìyá ṣàlàyé ni wọ́n fi ààbò sí fún, kì í ṣe tiyín. Nọ́ńbà tó bá tẹ̀lé Px, bíi 1, 2, 5 lára mélónì, ẹ̀yà fọ́ńgọ́ọ̀sì tó lè kojú ni.

Púpọ̀ nínú kùkúńbà tó gba ọwọ́ mi kọjá, IR ló wà lára wọn. Kò sí agolo tí wọ́n kọ "àrùn kò lè mú un" sí. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín kò ka ohun tó ń tà. Irúgbìn tí wọ́n tú sínú ọ̀rá, tí wọ́n ń fi ìdérí ìgò wọ̀n, kò ní ẹ̀rí kankan. Ẹ béèrè èyí tí àmì NASC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó irúgbìn, wà lára rẹ̀, kí ẹ sì wo ọjọ́ tí yóò parí.

Ọ̀dọ́ Àgbẹ̀ Ajàṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n Alákùrọ̀, ẹ má tọ́jú hóró F1 (ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n pa oríṣi méjì pọ̀) rárá o. Bí ẹ bá ti gbìn ín lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo ààbò yẹn ti lọ.

Tíṣà Báyọ́lọ́jì, Ọ̀fà

Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá, àbúrò. Irú jíìnì tó wà níbẹ̀ ló máa pinnu rẹ̀. F1 ní bàbá, ó ní ìyá. Bó bá jẹ́ ọ̀kan péré nínú wọn ló gbé ààbò wá, tí ààbò náà sì jẹ́ irú tí ẹyọ kan tó láti ṣiṣẹ́, nínú ọmọ 4 tí ẹ bá rí lára F1, nǹkan bíi 3 ni yóò ní in. Irú ti MLO yàtọ̀: àfi kó bàjẹ́ lápá bàbá àti lápá ìyá. Bí àwọn méjèèjì bá ní in, gbogbo ọmọ ni yóò jogún rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀kan ló ní in, F1 fúnra rẹ̀ á ṣàìsàn, nínú ọmọ rẹ̀ 4, nǹkan bí 1 péré ni yóò mọ́. Bó bá sì jẹ́ jíìnì kéékèèké púpọ̀, àwọn ọmọ á wà ní oríṣiríṣi.

Agolo kì í sọ èyí tó jẹ́ nínú wọn. Ohun tó dájú ni pé àwọn ọmọ F1 kò ní í dọ́gba, ì báà jẹ́ ní ààbò, ì báà jẹ́ ní gígùn èso àti àwọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń kó kùkúńbà fún hòtẹ́ẹ̀lì kò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń wá irúgbìn tirẹ̀ lè fẹ́ ẹ gan-an.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òmù-Àrán

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó fi gbogbo ọkàn lé agolo kan, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ń gbin mélónì ní Kalifọ́níà. Ọdún 1925 ni àrùn ìyẹ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dà wọ́n láàmú ní àfonífojì Imperial. Àwọn onímọ̀ wá ààbò lọ sínú mélónì ilẹ̀ Íńdíà, wọ́n pa á pọ̀ mọ́ tiwọn, wọ́n sì gbé irúgbìn kan tó ń jẹ́ PMR 45 jáde lọ́dún 1936. Inú àgbẹ̀ dùn, wọ́n gbìn ín káàkiri. Nígbà tó fi máa di 1938, ẹ̀yà fọ́ńgọ́ọ̀sì mìíràn ti wà nílẹ̀ tó ń jẹ PMR 45 láìsí ìdíwọ́. Jíìnì kan ṣoṣo ló ní. Wọ́n ní láti padà lọ wá òmíràn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí gbogbo wa lẹ́bàá odò kan náà má gbin irú kan ṣoṣo. Bí ẹ bá rí funfun lára irúgbìn tó ní ààbò, ẹ fín imí ọjọ́ díẹ̀ sí i lọ́gán, ẹ má jẹ́ kí èyí tó borí ààbò náà rí àyè pọ̀ sí i.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Òmù-Àrán

Lórí imí ọjọ́ yẹn: àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ni o. Oòrùn ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn tiwa yìí pẹ̀lú imí ọjọ́ á jó ewé. Ewé mélónì tilẹ̀ burú jù, àwọn kan kì í gbà á rárá. Má sì fín in nítòsí ìgbà tí o fín oògùn olóròóró, jẹ́ kó tó ọ̀sẹ̀ méjì sí ara wọn.

Alfa Òkè-Òyì

Asalaamu alaekun. Ṣé kì í ṣe GMO, èyí tí wọ́n fi ọwọ́ yí jíìnì rẹ̀ padà, ni gbogbo irúgbìn tí ẹ ń sọ yìí? Àwọn èèyàn wa ń bẹ̀rù rẹ̀.

Tíṣà Báyọ́lọ́jì, Ọ̀fà

Wa alaekun salaam, Alfa. Rárá o. Ààbò tó wà nínú kùkúńbà àti mélónì tí ẹ ń rí lọ́jà, pípa akọ pọ̀ mọ́ abo ni wọ́n fi rí i, lọ́dún dé ọdún. Ẹ̀wà GMO tí ìjọba Nàìjíríà gbà wọlé ní 2019, SAMPEA 20-T, kòkòrò tó ń dá èèpo ẹ̀wà lu ló wà fún, kò kan àrùn ìyẹ̀fun. Ní Ṣáínà, wọ́n ti tún jíìnì MLO inú àlìkámà ṣe lọ́dún 2014. Ìpín mẹ́ta ni jíìnì yẹn ní nínú àlìkámà, ó sì di dandan kí gbogbo wọn bàjẹ́ kí ààbò tó dúró, ohun tó ṣòro kó ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní 2022 wọ́n tún sọ̀rọ̀ èyí tí kò dín èso kù. Ìyẹn kò sí nínú ohun tí Alágolo ń tà.

Àǹtí Kájú, Ìgbájà

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ kùkúńbà. Òdòdó kájú mi ń funfun, àwọn ọmọ kéékèèké sì ń já bọ́. Ṣé àrùn kan náà ni? Ṣé irúgbìn tó kojú rẹ̀ wà?

Bàbá Ìsìn

Ọmọ mi, ra á níka bí Ìyá ti wí. Bó bá jẹ́ pé ṣe ni ẹ̀ka òdòdó ń gbẹ, tó ń di dúdú láti orí bọ̀ wá sísàlẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ìyẹ̀fun. Kòkòrò tó ń fa omi ara ọ̀dọ́ ẹ̀ka máa ń wà nídìí rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìyẹ̀fun, ọmọ ìyá ti kùkúńbà ni, kì í ṣe òun gan-an. Ti kájú kò ní í ran kùkúńbà, ti kùkúńbà kò sì ní í ran kájú. Àwọn ará Tàǹsáníà ló mọ ìyà rẹ̀ jù, imí ọjọ́ ni wọ́n fi ń bá a jà, wọ́n sì ń yan igi tí kò fi bẹ́ẹ̀ mú un.

Ohun tí wà á ṣe ni kí o rìn káàkiri oko nígbà tó bá le jù, kí o sàmì sí igi tó mọ́ láàárín àwọn tó funfun. Ṣọ́ ọ títí di ọdún tó ń bọ̀, torí igi tó tètè tanná lè ti so tán kí àrùn tó dé, kí o rò pé ó ní ààbò. Bó bá tún mọ́, má gbin èso rẹ̀. Èso kájú kì í jọ ìyá rẹ̀. Ẹ̀ka rẹ̀ ni kí o gé, kí àwọn tó ń ta ọmọ kájú bá ọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọmọ igi mìíràn. Ìyẹn ni yóò jọ ọ́.

Ohun kan náà ni mo fẹ́ sọ fún Alákùrọ̀. Mo fara mọ́ agolo, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi tilé sílẹ̀. Ẹ̀gúsí àti elégédé tí àwọn ìyá wa ń gbìn ní apá Ìsìn kò rí bákan náà. Nínú ebè kan ṣoṣo, wà á rí ìtàkùn tí ewé rẹ̀ funfun, èyí tó lọ́ mọ́ ọn á sì mọ́. Èyí tó mọ́ yẹn ni kí ojú rẹ wà lára rẹ̀. Má wo èyí tó wà létí oko nìkan. Ọjọ́ orí kan náà ni kí o fi wé ara wọn, torí ewé àgbà ló ń kọ́kọ́ mú un. Àwọn ará Etiópíà tí Tíṣà dárúkọ yẹn, àgbẹ̀ bíi tiwa ni wọ́n. Wọ́n tọ́jú ohun tó dára lọ́wọ́ wọn, irú rẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ Yúróòpù ń gbìn lónìí. NACGRAB ní Moor Plantation, Ìbàdàn, ń tọ́jú irúgbìn ilẹ̀ wa. Ẹni tó bá rí ohun gidi kó mú díẹ̀ lọ fún wọn.

Alágolo Irúgbìn, Ìlọrin

Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n oyin kò mọ ìtàkùn tó mọ́ yàtọ̀ sí èyí tó ń ṣàìsàn. Ìyá hóró yẹn lè mọ́, ta ni bàbá rẹ̀? Bí oko aládùúgbò bá kún fún kùkúńbà tí kò ní ààbò, ohun tí ẹ tọ́jú ti dàpọ̀.

Bàbá Ìsìn

Òótọ́ lo sọ. Ọwọ́ ni kí Alákùrọ̀ fi pa òdòdó akọ pọ̀ mọ́ abo, kó má fi í sílẹ̀ fún oyin. Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ mọ̀ ọ́n ju èmi lọ.

Alákùrọ̀ Ọ̀yun

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ohun tí mo fẹ́ ṣe lẹ́ẹ̀rùn yìí ni pé kí n ra oríṣi méjì tí Px wà lára wọn, kí n sì ya ebè díẹ̀ sọ́tọ̀ fún elégédé ilé tí màá máa yàn. Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi ní ti ọwọ́ yẹn.

Tíṣà Báyọ́lọ́jì, Ọ̀fà

Kí Ìyá tó dé: ẹ gbin ebè kan irúgbìn àtijọ́ yín sáàárín wọn, kí ẹ má fín ohunkóhun sí i. Bí òun náà bá mọ́, àrùn kò tíì dé nìyẹn, ẹ kò lè fi ìmọ́tótó àwọn tó kù ṣe ẹ̀rí.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Òmù-Àrán

Òdòdó abo ni èyí tó ní èso kékeré nídìí, akọ kò ní. Ní ìrọ̀lẹ́, wá abo tí yóò là lọ́jọ́ kejì, wà á mọ̀ ọ́n torí orí rẹ̀ ti ń pọ́n rúsúrúsú ṣùgbọ́n kò tíì là. Fi òwú so ẹnu rẹ̀ pinpin kí oyin má baà wọlé. So akọ méjì tàbí mẹ́ta bẹ́ẹ̀ náà, láti ara ìtàkùn mìíràn tó mọ́. Láàárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú, já akọ náà, ya ewé òdòdó rẹ̀ kúrò kí àárín rẹ̀ nìkan kù. Tú abo, fi lẹ́búlẹ́bú orí akọ náà ra àárín rẹ̀ yíká, kí o sì tún abo náà so padà títí di ọjọ́ kejì. Àwọn kan kò ní í dì, nítorí náà ṣe é fún òdòdó bíi mélòó kan.

Èyí tó bá dì, jẹ́ kó gbó dáadáa lórí ìtàkùn kí o tó ká a. Bó bá jẹ́ kùkúńbà lo ṣe é sí, kó pọ́n kó sì rọ̀. Rẹ hóró rẹ̀ sínú omi fún ọjọ́ kan sí méjì, fọ̀ ọ́, sá a sí ibòji. Má gbàgbé láti so òwú aláwọ̀ pupa mọ́ ọrùn èso náà látìbẹ̀rẹ̀, kí àwọn tó ń bá ọ kórè má baà kó o mọ́ ti ọjà.